Ọjọ́ Tí Mo Pe Oríkì Apínbọ́ọ̀lù

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin kí èmi fúnra mi tó wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti gbé apẹ̀rẹ̀ mi dúró ní gáà, ibùdókọ̀ ojú irin Sakẹ́tẹ́, níbi tí ọkọ̀ tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ ti máa ń mí díẹ̀ kó tó wọ́ lọ sí Pobẹ̀, àwọn tó ti wà nínú ẹ̀ á ti máa fi etí aṣọ bo imú. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn láti òkè délẹ̀ wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ẹja yìí kú kí wọ́n tó pa á ni?" Mo ní, "Màmá, ó gbàdúrà kó tó kú." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi. Èmi nìkan ni mo máa ń ni ìjókòó lódindi, èmi àti àwọn ẹja mi tí ẹnu wọn là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Mo ń wo ìta: ọ̀pẹ, ọ̀pẹ, ilẹ̀ pupa, abúlé kan, ọ̀pẹ. Bí a bá dé Pobẹ̀, òórùn epo tí wọ́n ń sè á jáde wá pàdé òórùn tèmi, àwọn méjèèjì á sì jọ wọ ọjà bí ọ̀rẹ́.

Ìgbà tí mò ń wí yìí, òmìnira ṣì dà bí aṣọ tuntun lára wa. A kò tíì mọ ibi tó ti há. Pobẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Sakẹ́tẹ́ ni wọ́n gbé mi fọ́kọ. Ọkọ mi lọ sí Èkó, ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun náà á dé. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ó tún dé, mo wá ń rò ó pé bóyá ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ní Èkó kì í dé ni. Nínú agbo ilé ọkọ mi, kò sẹ́ni tó bá mi jà. "Ìyàwó Pobẹ̀" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, wọ́n sì ń kí mi dáadáa, bí a ṣe ń kí àlejò. Ọ̀rẹ́ mi, ìjà sàn jù ú lọ. Ẹni tí a bá ń bá jà, a ti kà á mọ́ ara ilé nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ọkùnrin ń jẹ tí wọ́n ń mu nígbà náà. Pobẹ̀ ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tí gbogbo ayé ń pè ní apínbọ́ọ̀lù. Kì í sáré púpọ̀. Àárín pápá ló máa ń dúró, á gbé orí sókè, á wò yíká bí ìyálé tó fẹ́ pín ẹran, bọ́ọ̀lù á sì lọ bá ẹni tó tọ́ sí. Àdúgbò kan náà la ti wá. Ìyá ẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń di ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Nílé wa, bí ọmọkùnrin bá ń ṣe dáadáa lórí pápá, àwọn obìnrin ilé ẹ̀ á dúró létí pápá, wọ́n á máa pe oríkì ẹ̀, orí ẹ̀ á sì máa wú. Èmi náà ti pe tiẹ̀ rí, kí n tó lọ ilé ọkọ, mo pè é títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ.

Lọ́dún kan, aṣọ́lé Pobẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ilé bọ́ọ̀lù wọn, jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó dá lápá. Sakẹ́tẹ́ ní aṣọ́lé méjì. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú méjèèjì bá jókòó nídìí ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà, nígbà tí wọ́n sì fi máa dìde, wọ́n ti fi apínbọ́ọ̀lù wa gba aṣọ́lé wọn, bí a ṣe ń fi àgbàdo gba iyọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ló bi èmi náà?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ẹ̀ ṣe di ohun tí ìlú méjì ń rò, èmi tí mò ń ná ọjà méjèèjì sì ń gbọ́ ọ ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ní Pobẹ̀, alápatà tó kọjú sí mi ni adájọ́.

"Ẹsẹ̀ òkú la gbé fún wọn!" Ó máa ń fi ọ̀bẹ lu tábìlì bó bá ti sọ ọ́. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn lórí pápá, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù?"

Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní, "Ìwọ tí o máa ń gbé e lé èjìká yẹn náà?"

"Èmi kọ́! Ẹlòmíì ló jọ mí."

"Aṣọ́lé tí ẹ wá gbà ńkọ́, kí ló dára lára ẹ̀?"

"Ọwọ́ ẹ̀ tóbi."

"Ọwọ́ ìyá àgbà mi náà tóbi. Ṣé ká lọ mú wọn wá?"

Alápatà bínú. Ó ní bó ti wù kó rí, ọ̀dàlẹ̀ ni ọmọ náà; ẹni tó bá fẹ́ràn ilé, kò ní gbà kí wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e fún wọn, ẹ tún ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bí mo bá ta ẹja fún yín, bàbá, ṣé ẹja ló dalẹ̀ mi?" Ọjà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Alápatà náà rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí mi: "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyàwó Sakẹ́tẹ́ ni." Ó wí i ní àwàdà, mo sì fi àwàdà gbà á. Ṣùgbọ́n ní Sakẹ́tẹ́, ìyàwó Pobẹ̀ ni mí. Ní Pobẹ̀, mo di ìyàwó Sakẹ́tẹ́. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ni kò pè mí ní nǹkan kan.

Ní Sakẹ́tẹ́, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ kẹ́rù ní gáà ló ń dá ẹjọ́ tiwọn. Ọ̀kan ní, "Ó ń pín, kì í jẹ. Ẹni tó ń bu ọbẹ̀ tí kì í tọ́ ọ wò, ẹ ṣọ́ra fún un." Èkejì ní kí wọ́n fún un láyè, ẹsẹ̀ ẹ̀ kò tíì mọ ilẹ̀ ibí. "Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ pupa kan náà kọ́?" "Ẹ gbọ́, ọkàn ẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí Pobẹ̀ bá dé ni ẹ máa rí i." Gbogbo wọn mi orí. Ọjọ́ tí Pobẹ̀ bá dé.

Òun fúnra ẹ̀ máa ń wá rajà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi, tí o bá pẹ́ nídìí ẹja, wàá mọ bí ilé ènìyàn ṣe tó láti ara ohun tó ń rà. Ìyàwó tuntun máa ń ra ńlá, kí wọ́n lè rí i. Abiyamọ máa ń ra wẹ́wẹ́, kó lè kárí. Ọmọ náà máa ń ra ẹja kan, kékeré, tí kò ní kù sí ìkòkò. Á san án tán, kò ní lọ. Á lóṣòó síwájú ọjà mi, á máa fi ìka tọ́ orí ẹja.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Kí ni wọ́n ń wí nílé?"

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ ti kú."

"Ṣé wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ń dúró kí o wá san owó pósí."

Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì jókòó síbẹ̀ nínú èdè àdúgbò wa bí ẹni tó ń yáná. Mi ò bò ó fún un rí. Irọ́ ń wọ́n mi lẹ́nu tó bá jẹ́ ti ìyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn kàn pé Pobẹ̀ ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Sakẹ́tẹ́ nígbà ayẹyẹ òmìnira, ó wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbá tọjọ́ yẹn dáadáa, àwọn ará ibí á gbà mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibo ni mo tún ń lọ? Wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún." Mo fi ẹja kan lé tiẹ̀, mo sọ fún un pé mi ò ní gbowó èyí.

Lọ́jọ́ náà, pápá ilé ìwé kún. Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi wà ní apá kan, wọ́n ti fi aṣọ di ìbàdí. Àwọn obìnrin Pobẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn tí a jọ fọ́ ẹ̀kùrọ́ ní kékeré, wọ́n wà ní apá kejì. Tí mo bá lọ sí ibí, ọ̀hún á wò mí. Tí mo bá lọ sí ọ̀hún, ibí á wò mí. Mo lọ dúró ní ìpẹ̀kun pápá, níbi tí ewúrẹ́ méjì ti ń jẹko. Wọn kò bi mí pé ta ni mò ń tì lẹ́yìn.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé tí Pobẹ̀ gbà fò, ó fi ọwọ́ ńlá ẹ̀ gba bọ́ọ̀lù kan tí ì bá wọlé. Ìyá ẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin Sakẹ́tẹ́. Ọmọ ẹ̀ ń ṣọ́lé fún ọ̀tá, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá. Ó ti figbe ta: oríkì ọmọ ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò mí. Sakẹ́tẹ́ bú sẹ́rìn-ín, Pobẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní kí wọ́n gbé ìyá náà sórí ọkọ̀ padà lọ sí Pobẹ̀. Ọmọ ọ̀hún juwọ́ sí i láti ẹnu ilé bọ́ọ̀lù, ojú ẹ̀ ń tàn.

Mo wo apínbọ́ọ̀lù. Ó dúró láàárín pápá, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, òun náà ń wo ìyá yẹn.

Lẹ́yìn náà, ó gba bọ́ọ̀lù kan mọ́ àyà, ó fi ẹsẹ̀ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ ẹnì kan kọjá, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ èkejì. Mo ń tẹ́tí. Àwọn ti Sakẹ́tẹ́ ń pariwo pé, "Ará Pobẹ̀, gbé e síwájú!" Nítorí wọn kò mọ orúkọ míì. Àwọn obìnrin àdúgbò wa, àwọn tó mọ oríkì ẹ̀, tí wọ́n ti fi pọ̀n ọ́n rí, pa ẹnu mọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ pòṣé. Èmi kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Àkànní! Ọmọ ọlọ́pẹ tí í so lọ́dún ọ̀dá! Ọmọ ilẹ̀ pupa tí í di àlejò lẹ́sẹ̀ mú!"

Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó dúró. Láàárín eré, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó gbé orí sókè, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti wá, bí ẹni tí wọ́n pè láti inú ilé. Ọmọ Pobẹ̀ kan wá, ó mú bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀ bí ẹní mú ẹran kúrò níwájú afọ́jú, ó sáré, ó gbá a wọlé. Góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìyókù oríkì kú sí mi lọ́fun.

Tí o bá fẹ́ rí bí ìlú méjì ṣe ń ṣe ìṣọ̀kan, kí o rí wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn ti Sakẹ́tẹ́ ní mo fi oríkì dè é mọ́lẹ̀, pé èmi àti òun la jọ mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi kò bínú. Ó kàn ní, "Ìyàwó Pobẹ̀, o ṣe é fún yín," ó sì kọjú sí iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn ará ilé mi sì ń wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé: "A dúpẹ́ o, ìyàwó Sakẹ́tẹ́! O bá wa gbá a wọlé!" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni n bá ṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi lọ, mo wá dúró ní gáà pẹ̀lú ẹnu tó ṣì là.

Mo rò pé kò ní wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó dé. Gbogbo ojú ọjà ń wò ó. Ó lóṣòó, kò yan ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò parí ẹ̀."

"Kí ni mi ò parí?"

"Oríkì. Ẹ dé ibi ilẹ̀ pupa, ẹ dákẹ́."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Nínú ọjà yìí? Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Ibo la tún ní?"

Mo tẹ orí ba. Mò ń yí ẹja padà kí àwọn tó ń wò wá lè rò pé ọjà là ń ná, mo sì ń pè é ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tí mo dé "ọmọ ilé tí kì í ti ilẹ̀kùn, ẹni bá dé kó wọlé," ó dorí kodò bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní èéfín ẹja ni. Ẹja gbígbẹ, ọ̀rẹ́ mi, tí ó ti kúrò lórí iná láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá ní, "Ta ló ń pe tiyín?"

Mo la ẹnu kí n dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn. Dípò àwàdà, mo ní, "Àṣàkẹ́ ni oríkì mi." Ó ní, "Àṣàkẹ́." Kò mọ èyí tó kù, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ó tún un pè, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń wọ bàtà ẹlòmíì wò. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Kí òjò tó dá, ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò padà. Àwọn kan ní ó ń kẹ́rù ní Kutonu, àwọn kan ní ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn kò dá ẹjọ́ ẹ̀ dúró. Alápatà ṣì ń fi ọ̀bẹ lu tábìlì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ gáà ṣì ń bú u, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, pé irú ẹ̀ kò sí mọ́, pé tiwa ni tẹ́lẹ̀. Ìlú méjì ń dárúkọ ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń jókòó sáàárín wọn, mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ti yé mi tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀: ènìyàn lè wà lẹ́nu gbogbo ayé, kó má sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é. Láti ìgbà náà, bí àjèjì bá dúró síwájú ọjà mi, tó ra tán tí kò lọ, mo máa ń bi í pé kí ni oríkì ẹ̀. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan máa ń ronú kí wọ́n tó rántí. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa ń pè é, kí wọ́n tó gbé ẹja wọn lọ.