Màmá mi dá défilé Àlàbá dúró

Ẹ gbà mí o, màmá mi dá défilé, ìyẹn ìfihàn aṣọ, dúró ní Ikpinlè lónìí!

Àlàbá, ọmọdébìnrin aránṣọ tí mò ń yìn fún yín lójoojúmọ́, ló ń fi aṣọ tuntun rẹ̀ hàn. Ọmọge àkọ́kọ́ wọ gáùn aláró jáde, ó lejú koko, ó kọjá níwájú àwọn àgbà láìkí ẹnikẹ́ni.

Màmá mi figbe ta: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igi la jẹ́ ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ kú ìjókòó."

Háà! Gáùn tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, aṣọ pupa tó fara pamọ́ sáàárín ìṣẹ́po rẹ̀ yọ síta. Mo fò sókè! Ni gbogbo ọmọge tó kù bá ń kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde.

Màmá wá ní òun lòun jẹ́ kí ẹwà aṣọ náà hàn, síbẹ̀ Àlàbá ò tíì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ dá sí i o: ta ló yẹ kó lọ kí ta?