Ọjọ́ tí Iyán Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Alùpùpù Bàbá Mi Jẹ́

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí bàbá mi tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù àtijọ́ wọn sórí tábìlì oúnjẹ nílé wa ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kíráǹkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ti wọ́. Wọ́n gbé aago ìwọ̀n kékeré kan, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí irin bá wọ́, tì í, wọ́n sì ń fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ aago náà kò yé gbọ̀n.

"Ó ti wọ́!" ni wọ́n kígbe. Wọ́n gbé òòlù sókè láti lù ú kí ó lè tọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Bí mo ṣe tún irin náà yí wò, ọwọ́ aago dúró jẹ́ẹ́.

"Bàbá, ẹ dúró!"

Màmá mi, ọmọ Iléṣà, yọjú láti ilé ìdáná tàwọn tọmọ odó. "Kí ló dé, Bàbá Ṣadé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tán ni."

Bàbá rọra gbé òòlù sílẹ̀. "Àṣé odó rẹ ló ń mi aago mi! Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà àti iyán yín!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, alùpùpù náà dún, ó sì gbé àwọn méjèèjì jáde. Láti ọjọ́ náà, kí bàbá mi tó tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ.