Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Di Ọmọ Ìlú Onílùú

Nígbà tí mo ṣì ń sáré kiri agbo ilé wa ní Ìtòkú láìwọ bàtà, ilé náà kún débi pé àwa ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó bí ẹni tí a jọ ń sùn lórí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì lónìí, bóyá ni yóò yé yín. Síbẹ̀, bí ilé ti kún tó, wọ́n gba obìnrin Tápà kan sí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ó ti ń bá ìyá mi pa aṣọ láró fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ pé òun kò padà sílé mọ́.

Bàbá bàbá mi, tí í ṣe baálé, pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fún un lómi tútù mu, ó fi yàrá tó kángun sí ti ìyá mi hàn án, ó wá ní, “Láti òní lọ, ẹni tó bá pe obìnrin yìí ní àlejò, èmi ló pè bẹ́ẹ̀.”

A pàtẹ́wọ́, a jẹun. Nígbà tó ṣe, mo bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń sunkún. Mo bi í bóyá kò fẹ́ràn ilé wa ni.

Ó ní, “Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi, kò sí ẹni tó mọ ìyá mi.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Eré ni mo sá lọ ṣe.

Ní èṣí, àbíkẹ́yìn mi tó ń gbé ní Kánádà pè mí pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe ọmọ ìlú wọn. Mo rò pé ọ́fíìsì ìjọba ni wọn yóò ti ṣe é. Ó ní rárá, ilé ìkàwé àdúgbò òun ni, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá kí àwọn ọmọ ìlú tuntun káàbọ̀. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fọ́n káàkiri, nítorí náà èmi nìkan ni yóò máa wò ó lórí fóònù. Mo dé fìlà mi tó dára jù, mo jókòó sí pálọ̀.

Mo rí ìwé lóríṣiríṣi lórí pẹpẹ, mo rí ènìyàn tí àwọ̀ wọn kò jọra. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n búra, àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n sì pín tíì àti kéèkì. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dì mọ́ ọmọ mi, ó bi í pé ta ló bá a wá. Ọmọ mi na fóònù sí i.

“Bàbá mi nìyí, láti Abẹ́òkúta.”

Obìnrin náà juwọ́ sí mi. Mo ní kí ọmọ mi bá mi sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wojú rẹ̀.” Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ń rẹ́rìn-ín títí ó fi pa fóònù. N kò bi í ní ìgbà tó ń bọ̀ wálé.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tó yẹ kó kún ilé wa ti di ọmọ ilé ẹlòmíràn, àwa náà ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà wọ́n. Yàrá pọ̀ ní agbo ilé wa báyìí. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, yóò mú èyí tó bá wù ú, àmọ́ èmi nìkan ló kù tí yóò ní kó wọlé.