Iyán Tí N Kò Jẹ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó gbà pé ara mi kò dá. Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ mẹ́rin, inú ń ro mí, ara mi sì ń gbóná sí i ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti mu àgbo títí ó fi sú mi. Tíṣà ọ̀dọ́ ni mí ní Òṣogbo nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, mo sì ń dá gbé yàrá kan nínú ilé tí Ìyá Ràfíù ń gbé. Aláró ni Ìyá Ràfíù, Mùsùlùmí òdodo.

Òun ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wá lórí, mo gbé orí lé e léjìká. Aró aṣọ rẹ̀ ran ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, nọ́ọ̀sì sì kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló sọ ọ́ di dúdú.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Inú omi tàbí oúnjẹ tí kò mọ́ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọ ara, ìfun ló sì ń dá egbò sí. Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Mo gbé oògùn mì, mo ṣu, mo bì, irun mi ń já sórí ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni dókítà tẹnu mọ́: n kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ líle títí òun yóò fi yọ̀ǹda, nítorí ìfun mi ti fẹ́lẹ́. Bí ó bá lu, ikú ni.

Yèyé mi ti Ìwàrà dé pẹ̀lú iṣu. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Lójú tiwa, ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun. Ògì tí Ìyá Ràfíù ń gbé wá fún mi láràárọ̀ kò tẹ́ Yèyé lọ́rùn, ó ní omi lásán ni. Kí n má purọ́, èmi gan-an ni mo bẹ̀ ẹ́ kó gún iyán. Bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Ìyá Ràfíù gbọ́ ìró odó ní ọ̀sán gangan, ó wọlé, ó kí Yèyé mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ìyá wa, ààwẹ̀ ni dókítà ní kí tíṣà gbà. Èmi náà wà nínú tèmi. Bí ẹ bá bu òkèlè kan fún un, ẹ bu tèmi náà, màá jẹ ẹ́ báyìí.”

Ọwọ́ Yèyé dúró nínú abọ́. Òun náà máa ń gbààwẹ̀ kí Àjíǹde tó dé, ó mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́. Ó ní òun kò ní fi iyán òun ba ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ó dé abọ́ náà. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún, mo kórìíra àwọn méjèèjì. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n jọ jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, èmi ń lá ògì.

Ó rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá kí dókítà tó tẹ ikùn mi wò, tó ní mo lè máa jẹun díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ibùsùn obìnrin tí a jọ ní ibà yìí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nígbà tí wọ́n dá mi dúró, ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní èbà ni àwọn ará ilé rẹ̀ fún un, ìfun rẹ̀ lu, ó sì kú. Bí a ṣe délé, Yèyé mi lọ bá Ìyá Ràfíù nídìí ìkòkò aró, ó bi í bóyá ì bá jẹ iyán náà lóòótọ́.

“Ǹ bá jẹ ẹ́. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣeé san padà, Ìyá wa. Ọmọ yín kò ṣeé san.”

Yèyé mi, tó jù ú lọ dáadáa, kúnlẹ̀ fún un.

Àgbà ti dé sí mi báyìí, eegun ń dùn mí, mo sì ń ráhùn bí gbogbo àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dúpẹ́ fún ara yìí, mo máa ń rántí pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ pa á, àwọn méjì tí kì í kírun pọ̀ ni kò gbà.