Okùn Fóònù Bàbá Mi

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù ìyá mi tán, tí àwọn ẹbí wa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti padà sílé, mo kó ẹrù mi kúrò ní yàrá tí mo háyà ní Abúlé Ẹ̀gbá, mo padà sílé bàbá mi ní Agége. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé owó ilé ló wọ́n jù. Irọ́ ni. Ọkàn mi ni ò balẹ̀ nítorí bàbá mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, àwọn tó wà lójúlé kejì ń gbọ́, ó wá di ẹni tó ń fi orí dáhùn. Bí mo bá kí i, á mi orí. Bí mo bá bi í pé kí lẹ máa jẹ, á ní ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ní tirẹ̀, kò kan ẹnu rẹ̀ rárá. Bí èmi bá ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀, á dìde, á lọ ṣe àlùwàlá, bí àkókò ìrun ò tilẹ̀ tíì tó. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà ò ju ẹyọ kan lọ, kí bàbá mi tún máa bá mi sọ̀rọ̀, kí àwa méjèèjì sì lè jókòó ká jọ sọ̀rọ̀ ìyá mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohùn ṣe. Àwọn àlùfáà tó ń ṣe wáàsí á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi á yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ikọ́ àti igbe àkùkọ kúrò nínú rẹ̀, màá sì dá a padà kí wọ́n lè gbé e sórí rédíò. Ètò tí mo fi ń ṣe é, orí Máàkì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tí àwọn tó ń ṣe orin àti fíìmù fẹ́ràn. Mo ní ọ̀kan rí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi wà ní ọsibítù, òjò gba ojú fèrèsé wọlé ní Abúlé Ẹ̀gbá, kò sì sí ẹni tó wà nílé tó máa gbé e kúrò. Kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá.

Tuntun ò ṣeé sún mọ́. Ni mo bá lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílééjì ní Ìkẹjà, mo ra kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò gbó kí wọ́n tó tà á dànù. Kì í ṣe Máàkì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ti wá ọgbọ́n dá sí i, tí wọ́n ń gbé ètò Máàkì wọ inú kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe Máàkì. Àwọn tó ni ètò náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní bá ọ dá sí i tó bá yíwọ́. Mo mọ̀. Mo ṣe é náà, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀, oníṣẹ́ sì ń pè.

Ojú mi rí màbo. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú kirikiri. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní alákorí, mo ní kí ẹni tó tà á fún mi má rí tà mọ́, kí n tó wá rí i pé ihò tí mo ki wáyà ojú rẹ̀ bọ̀ ni Máàkì ò mọ̀. Mo fà á yọ, mo ki í bọ ihò kejì, ojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn ìyẹn ló yadi. Ó ń ṣe gbogbo nǹkan, kò kàn ń mú ohùn jáde. Mo ní ẹ gbà mí, bàbá ò sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà náà ò sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé nọ́ńbà kan wà tí ènìyàn á fi sínú fáìlì kan, tí Máàkì á fi dá ẹ̀rọ ohùn tó bá níbẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe ti òmíràn. Àfi kí o máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá kọ nọ́ńbà, màá pa á, màá tún un tàn, kẹ́kẹ́ á pa. Màá kọ òmíràn.

Ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí nígbà tí ọ̀kan bọ́ sí i. Wáàsí tí mo fi ń dán an wò bú jáde lójijì, ohùn àlùfáà náà gba gbogbo pálọ̀: "Kí Ọlọ́run tu gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú." Kí n tó sáré dín in kù, mo gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá: "Àmín o." Bàbá mi ni. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà burúkú yẹn láti ìgbà náà.

Ó wá ku íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní mífì kékeré kan tó ń tú íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ilé, ṣùgbọ́n káàdì tó yẹ kó gbà á nínú kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí Máàkì ò mọ̀ rí ni. Máàkì ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìnà wọlé. Mo fi okùn so fóònù mi mọ́ ọn, kò gbà. Mo wá rántí fóònù bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílùú òyìnbó ló fi ránṣẹ́ sí i, iléeṣẹ́ tó ṣe Máàkì ló sì ṣe òun náà. Mo ní bó bá jẹ́ ìbátan ni wọ́n, wọ́n á mọ ara wọn.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín. Mo fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí n fi iṣẹ́ ránṣẹ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó lè pẹ́ díẹ̀, sà. Network ò dáa."

Ó dìde, ó mú fóònù dání. Mo na ọwọ́, kò gbé e fún mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí pálọ̀, ó fa àga kan, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. "So ó," ó ní. "Màá dúró tì í."

Fítà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Níbi iṣẹ́ wọn, bí ẹnìkan bá fẹ́ yá spánà rẹ, o ò ní gbé e fún un kó máa lọ. Wàá bá spánà rẹ lọ ni, wàá dúró ti ẹni náà títí á fi ṣe tán, wàá sì gbé e padà fúnra rẹ. Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré pé ibi tí òun ti ń dúró ti spánà ni òun ti rí gbogbo ọ̀rẹ́ tí òun ní.

Fóònù náà gbà lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi jókòó, ó ń wo ilà kékeré tó ń wọ́ lọ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Ṣé ó ti débẹ̀?" Mo ní, "Ó ku díẹ̀, Bàbá." Ó tún jókòó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá pe fóònù náà, íńtánẹ́ẹ̀tì á já, gbogbo ohun tó ti lọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń pè é lẹ́yìn ìrun Àsárì ojoojúmọ́, tí á sì ròyìn ìlú fún un láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè, ẹ̀jẹ̀ mi hó. Bí kì í bá ṣe pé bàbá mi ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá sọ. Bàbá mi rí ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì tí ọkùnrin náà pè, bàbá mi tètè gbé e. "Mo wà níbi iṣẹ́," ó ní. "Màá pè ọ́ tí a bá ṣíwọ́." Ó gé e.

Mo kọ ojú sí ògiri, kó má bàa rí i bí ojú mi ṣe ń ṣe. Ó ti pẹ́ gan-an tí bàbá mi ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun wà níbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ara mi. Màá jáde, màá bá a lórí àga, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. "Àlùfáà yìí ń sáré jù." "Gé ibi tó ti ń húkọ́ yẹn kúrò." Ó sọ ìtàn iléeṣẹ́ wọn fún mi, ó sọ ti ọ̀gá òyìnbó kan tó ń bẹ̀rù aláǹgbá. Ó sọ ti ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ ti èmi. Ìyá mi nìkan ni kò sọ.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì kú fin-ín láàárín iṣẹ́. Bàbá mi ní eruku ni. Mo ní kì í ṣe eruku, ètò kan wà tí mi ò tíì tò dáadáa. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Kí n tó dé, ó ti tú ìbòrí rẹ̀, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo tàn án, ó ń ké pí-pí-pí, ojú rẹ̀ dúdú.

"Bàbá! Kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Eruku ni mo fọwọ́ kàn."

"Ó ń ké, Bàbá!"

"Ó gbọ́dọ̀ ké. Ìwọ náà ké nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ ọ́."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Mẹ́mórì rẹ̀ ló ti fi búrọ́ọ̀ṣì tì kúrò láyè. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, kọ̀ǹpútà jí. Mo to ètò yẹn lọ́jọ́ kejì, gbígbóná náà lọ, mi ò sì sọ fún un. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ti bá ọmọ òun tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, network fóònù ò sì gbé e mọ́. Àwọn ará rédíò ń ráhùn. Mo padà sí Ìkẹjà lọ wá káàdì tí Máàkì mọ̀.

"Sister, kí lẹ ń wá?" ọkùnrin kan bi mí. Mo sọ fún un. "Ah, ó wà. Inú Máàkì gan-an la ti yọ ọ́. E go work, mo búra."

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e padà wá bá mi. Ibí ni mo wà, mi ò lọ ibì kankan."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi sí i, nígbà tí bàbá mi lọ sí mọ́sálásí. Máàkì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì rí mífì mi. Iṣẹ́ tí fóònù ò bá fi gbogbo ọ̀sán gbé, ó lọ kí n tó mu tíì mi tán. Mo pàtẹ́wọ́, mo jó yí pálọ̀ ká. Bí mo ṣe ń jó ni mo rí àga bàbá mi, ijó sì tán lẹ́sẹ̀ mi. Kí ni bàbá mi tún máa wá ṣe ní pálọ̀?

Ó dé láti Jímọ̀, ó ṣí fìlà, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó na okùn fóònù sí mi. "So ó."

Mo so ó. Mo ti pa ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù náà, nítorí náà okùn lásán ni. Bó bá bi mí bóyá ó ti débẹ̀, màá ní ó ku díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó ti débẹ̀ tipẹ́. Mo ń purọ́ fún bàbá mi lójoojúmọ́, mo sì ń tọrọ àforíjì lórí ẹní ìrun, mi ò sì jáwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé fóònù náà sókè pẹ̀lú okùn lára rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Láti ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní, "dátà mi ò dínkù."

"Bàbá—"

"Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn oní-network ló ń ṣe mí lóore. Mo wá ní, àwọn wo?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti ra káàdì, mi ò mọ bí mo ṣe máa—"

"Mo mọ̀."

Kò fa okùn náà yọ. Ó gbé fóònù padà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ lé e.

"Ìyá rẹ máa ń pè mí láti kíṣìnnì pé kí n wá bá òun ṣí ìgò."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Ìgò òróró, ìgò oyin. Obìnrin tó ń dá nìkan sọ ìkòkò ńlá kalẹ̀ látorí iná. Màá ṣí i, á ní, 'Ẹ ṣé o, bàbá wọn.' Kò sí èyí tó le nínú wọn. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lọ?"

"Ó pè mí ni."

Omi dà lójú mi, mi ò nù ún. Bàbá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìgò oyin kan tó fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, àti ohun tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ náà. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgíríbì.