Osùn Tí A Kò Fi Ẹ̀kọ Pò

Bí mo bá gbóòórùn osùn lára ọmọ jòjòló, ògiri ilé bàbá mi ní Ìdànrè ni mo máa ń rántí.

Iléyá ku ọ̀la. Àwa ọmọbìnrin ń fi osùn, ẹfun àti aró ya òdòdó sára ògiri tí àwọn àlejò bàbá mi yóò fara tì. Mo ti ya mẹ́ta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyálé, da omi sí i.

“Òdòdó rèé àbí ẹsẹ̀ adìyẹ? Lọ po osùn wá fún mi, jàre!”

Ẹ̀kọ gbígbóná la fi ń po osùn kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Omi lásán ni mo fi pò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ya òdòdó pupa rẹpẹtẹ, gbogbo ilé ń yìn ín, èmi náà sì ń bá wọn yìn ín.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò ti yídì dé, wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀yìn agbádá funfun wọn ti pupa.

Bàbá mi kígbe: “Ta ló ya eléyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá.” Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí. Ẹran Iléyá ọjọ́ náà dùn lẹ́nu mi.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ tọrọ ẹ̀gbọ́n mi ní aya fún ọmọ wọn wà nínú àlejò náà, wọn kò sì padà wá.

Alihamudulilahi, Ọlọ́run ṣeun fún mi púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni mo ń tọrọ àforíjìn ẹ̀ṣẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì ka ti ọjọ́ yẹn mọ́ wọn.