Ojú Tí Lásárù Kò Lè Sọ Di Funfun

Ọkọ mi Lásárù kì í ya àwòrán obìnrin láìfi ẹwà kún un. Gbogbo Amùkòkò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn: bí o bá ti jókòó fún un, èjí á yọ lẹ́nu rẹ, ojú rẹ á mọ́ gaara. Irọ́ ló ń kùn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún un.

Lọ́dún 1988, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Àpápá ní kó wá ya òun, kí àwòrán náà lè wà lára ògiri lọ́jọ́ ìgbéyàwó Ṣayọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Èmi ni mo bá Lásárù gbé ọ̀dà. Nígbà tí Ìyá bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ibà pọ́njú ni.

Ó ní, “Mo sọ fún Ṣayọ̀ pé Àpólò ni, àrùn ojú tó máa ń ranni, kó má baà sún mọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, á dá àrùn yìí mọ̀. Bí àwọn àna bá gbọ́, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, wọ́n á sá. Lásárù, bá mi sọ ojú yìí di funfun.”

Ṣé ká wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó kun ohun tó rí, ó sì fi ọ̀dà funfun bò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sílé Ìyá, Ṣayọ̀ dúró níwájú àwòrán náà, ó sún mọ́ ọn.

“Bọ̀dá Lásárù, ẹ ò fi èjí sí i. Ẹ wo bó ṣe di apá àga mú. Ẹ̀rù ń ba obìnrin yìí. Kí ló wà lábẹ́ funfun ojú ẹ̀?”

“Ọ̀dà ni,” Ìyá dáhùn. “Àbí, Lásárù?”

Lásárù yíjú sí Ìyá.

“Ọ̀dà ni, mà. Ṣùgbọ́n ojú yín ni mo ti rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀.”

Ṣayọ̀ na ọwọ́, ó yọ awò dúdú kúrò lójú ìyá rẹ̀.

Òkúta ló dí ọ̀nà òróòro Ìyá; wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sẹ̀ náà, ó sì yè. Ṣùgbọ́n àwọn àna gbọ́, wọ́n sì sá lóòótọ́. Inú bí mi sí Lásárù, ojú sì tún ń tì mí pé inú bí mi.

Lọ́dún kejì, Ṣayọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo rò pé èpè ló gbé wá. Ó fa àpótí, ó jókòó.

“Bọ̀dá, ẹ yà mí,” ló wí. “Ẹ má fi èjí sí i.”